Ẹ̀kọ́ Wa: Ọmọ Àtìpó àti Owó Ilé-Ìwé

Nígbàkúgbà tí ilé-ìwé bá ń wọlé, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí kan: "Bó bá kàwé tán, ta ni yóò gbà á síṣẹ́ níhìn-ín? Ẹ jẹ́ kó wá bá mi jókòó ní ìsọ̀." A kò fẹ́ fi òbí bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìṣirò owó ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí á bá a ṣe é dé ìparí.

Owó ilé-ìwé kọ́ ni gbogbo ìnáwó. Ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ ìbá ṣe ní ìsọ̀, owó ni òun náà. Òbí sì rí ọmọ aládùúgbò tó fi ìwé sílẹ̀, tó lọ ṣe ìgbà-boi, tí ọ̀gá rẹ̀ fún lówó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tó wá di oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà gidi ni, àwọn Ìgbò sì fi là. Ṣùgbọ́n ìbátan àti ará ìlú ẹni ni ọ̀gá sábà máa ń mú. Àkàbà tí ọmọ aládùúgbò fi gòkè kò fi bẹ́ẹ̀ sí fún ọmọ tiwa. Ẹni tó bá yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé torí pé ó rí ti aládùúgbò, ìdajì ìṣirò ló ṣe.

Ìwádìí tí George Psacharopoulos àti Harry Patrinos gbé jáde ní 2018 fi hàn pé káàkiri ayé, ọdún kan nílé-ìwé a máa fi bíi ìdá 9 nínú 100 kún owó tí ènìyàn ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Ti obìnrin tún ju ti ọkùnrin lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́kọ́ yọ ọmọbìnrin nígbà tówó bá há, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí kà.

Ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ńkọ́? Gary Becker, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1957. Ó ní ọ̀gá tó bá kọ òṣìṣẹ́ dáadáa sílẹ̀ nítorí ẹ̀yà rẹ̀ ń sanwó ìkórìíra náà lápò ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ̀ ń sanwó pẹ̀lú. Èyí tó sì burú jù ni pé òbí a máa wo ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, a yọ àbúrò ọmọ náà kúrò nílé-ìwé, nígbà tó bá yá, wọn a ní àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ kàwé.

Àwọn baba wa ní Èkó rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì tán, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò fi ọmọ síbẹ̀, kí wọ́n má baà yí i lẹ́sìn padà. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ìjọba dé, àwọn tó kàwé ló gbà á. Ìjọba dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, nígbà tó sì di 1923 àwọn ará wa dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì ń dáwó kọ́ ilé-ìwé.

Ní Onitsha, CMS dé ní 1857, Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn, ni aṣáájú wọn. (Ẹni tó bá ní ọmọ Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú yìí, ẹ fi èyí dá a lóhùn.) Àwọn Kátólíìkì dé ní 1885. Ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ lẹ́yìn ogun, ní 1970. Ìjọba Peter Obi sì dá púpọ̀ padà. Nítorí náà, ẹ mọ abala 38 òfin ilẹ̀ wa ti 1999: a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi ìsìn tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí òbí lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ariwo ẹnu géètì kì í ṣe ọmọ lóore.

Ọ̀rọ̀ "ìpínlẹ̀ wo lo ti wá" náà ń bẹ. Ní 2013, máàkì tí wọ́n fi gba ọmọ Anambra sí ilé-ìwé Unity jẹ́ 139, ti ọmọ Ọ̀ṣun jẹ́ 127, ti ọmọkùnrin Zamfara jẹ́ 4. Kí á sọ òtítọ́: níbí yìí, ọmọ Ìgbò tó jókòó ti ọmọ wa ní kíláàsì kan náà ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bó bá di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Awka, ìpín agbègbè kò kan ọmọ wa, bí wọ́n tilẹ̀ bí i sí Onitsha. Àfi kó fi máàkì tirẹ̀ wọlé. Ní Ifẹ̀, tí kò gbé rí, ó ní ìpín.

Ìwé ẹ̀rí ìlú baba ọmọ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ bá ṣe WAEC tán. Ẹni tó bá ń lọ sílé Iléyá, kó mú fọ́tò ọmọ àti ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání, kó yà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n tó ti ibẹ̀ fún ọdún.