Ìṣó a Máa Dá Ni Dúró, Yíyọ̀ a Máa Gbé Ni Ṣubú

Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáńláká tọ alábẹ lọ. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà òde òní, táyà ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa, ìṣó ni ẹ̀gún, fọkanáísà ni alábẹ. Bí ọlọ́kadà bá ń ti máṣíìnì lọ nínú oòrùn, tí ìyá tó gbé ru ẹrù ọjà rẹ̀ tẹ̀lé e, lákáńláká tí òwe wí náà nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan ṣoṣo fi máa ń jáde lẹ́nu wa bí a bá fẹ́ ra táyà tuntun: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ìṣó ò ní tètè gún èyí?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n fún àwa tí à ń gun òkè lójoojúmọ́, òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, "Ṣé yóò di ilẹ̀ mú?" Ìṣó a máa dá ni dúró, yíyọ̀ a máa gbé ni ṣubú. Ẹni tí ìṣó dá dúró yóò pẹ́ délé. Ẹni tí máṣíìnì yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ ní kọ́nà lè má délé rárá.

Ẹ wo ilẹ̀ wa. Àpáta ló yí wa ká. Ẹni tó bá ti gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà rí mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó. Títì wa ń gun òkè, ó ń dà gẹ̀rẹ́, ó sì ń pẹ́ kọrọ láàárín òkúta. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ láti ara òkè wá dà sójú ọ̀dà. Òjò àkọ́rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ ló tún burú jù, nítorí eruku àti epo ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á pò pọ̀ mọ́ omi, ojú títì á sì máa yọ̀ bí ilá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ yìí kì í dárí ji ni. A kò tíì gbàgbé oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan sọ ìjánu nù ní Àkùngbá níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, tí ẹ̀mí sì bá a lọ.

Kí ló ń mú kí táyà di ilẹ̀ mú? Rọ́bà rírọ̀ ni. Ó ń rì wọ inú ihò kéékèèké ara ọ̀dà, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń di àpáta mú. Ṣùgbọ́n rọ́bà rírọ̀ a máa tètè jẹ tán, ìṣó a sì máa rí i gún. Rọ́bà líle tó nípọn a máa pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ìṣó a sì máa kọsẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá tutù, yíyọ̀ ni. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Kò sí táyà tó pé síbi méjèèjì láìkù síbì kan.

Ọlọ́run ṣe é, táyà méjì ni ọ̀kadà ní. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Táyà iwájú ló ń tọ́ máṣíìnì, òun náà ló sì ń ru wàhálà bírékì jù bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, nítorí gbogbo ìwúwo á rọ́ síwájú. Táyà ẹ̀yìn ló ń ru èrò àti ẹrù, òun sì ni ìṣó ń gún jù: ìṣó tó sùn sílẹ̀, táyà iwájú á ta á dìde, ti ẹ̀yìn á sì pàdé ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ti iwájú jẹ́ èyí tó di ilẹ̀ mú, kí ti ẹ̀yìn jẹ́ èyí tó nípọn. Ẹ má ṣe ra tuntun sẹ́yìn kí ẹ wá gbé ògbólógbòó tó ti pá síwájú.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ó bá jẹ́ 1424, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó lórí igbá ọjà. Èyí tí wọ́n fi kọ́ sínú oòrùn lọ́dún mọ́dún ti le kí ẹ tó rà á. Ti tókúnbọ̀ ńkọ́? Ẹ kò mọ ọ̀nà tó ti rìn. Ẹ wo ọfà ara táyà pẹ̀lú, èyí tó ń fi ìhà tí yóò máa yí sí hàn, kí wọ́n má baà gbé e sódì.

Bí ẹ bá ti gbé e wọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ara táyà tuntun a máa dán, kì í tíì di ilẹ̀ mú dáadáa. Fún bíi 100 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má fi dá kọ́nà pẹ̀lú eré, ẹ má sì tẹ bírékì lójijì.

Ìtọ́jú ló kù. Ní nǹkan bí ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop ní Belfast fi afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ó má baà máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Láti ìgbà náà, afẹ́fẹ́ ló ń rù wá. Bó bá pọ̀ jù, táyà kò ní tẹ́ ilẹ̀ dáadáa; bó bá kéré jù, ẹnu kòtò yóò fún tíúbù mọ́ rímù, yóò sì lù ú. Ẹ wo fọkanáísà tó mọṣẹ́. Yóò ti tíúbù bọ omi nínú ọpọ́n, yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi hó níbì kan. Bí ihò bá jẹ́ méjì tó kọjú síra wọn bí ojú eyín ejò, kì í ṣe ìṣó, afẹ́fẹ́ ló kéré. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, kò ní kánjú lẹ̀ ẹ́. Yóò fi ìka wọ inú táyà yíká títí yóò fi rí ìṣó tó fara pamọ́. Ẹni tó lẹ tíúbù láì yọ ìṣó, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ̀yin ọlọ́kadà wa, ọmọ èèyàn lẹ gbé sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó ṣíná máṣíìnì, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ pa táyà iwájú. Bí ìlà ara rẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ má fi sọ̀kalẹ̀ láti Ọ̀kà.