Bí Ọmọ Krofrom Bá Dé Ìlú Òtútù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à di ìkúùkù. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń kàwé ní Yúróòpù gbọ́ òwe yìí yé, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n bá onílé di ìkúùkù nídìí iṣẹ́: wọ́n ń tò sórí ìlà, wọ́n ń dé kí aago tó lù, wọ́n ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra wọn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yọ lọ́jọ́ Sátidé, tí onílé kó ọmọ àti ajá rẹ̀ lọ sórí koríko, àlejò á fa kọ́tìnì, á padà sídìí fóònù.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìta gbangba ni wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà. Ẹ wo Krofrom ní Kùmásì, lórílẹ̀-èdè Gánà, àdúgbò tí kò jìnnà sí ààfin Manhyia, tí orúkọ rẹ̀ nínú èdè Twi kò ju “ìlú tuntun” lọ. Nínú àwọn agbo ilé Kùmásì, yàrá wà fún oorun ni. Àgbàlá ni ilé gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún fùfú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ta oware, ayò ọlọ́pọ́n tiwa náà ni. Kò sẹ́ni tó ń pe jíjókòó síta ní fàájì. Yorùbá náà mọ ìgbé ayé yìí: ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò ló ní ẹbí tó gbé Gánà kí òfin Busia, olórí ìjọba Gánà, ti oṣù Kọkànlá, 1969 tó lé wọn padà wálé.

Ẹni tó bá ti àgbàlá bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú yàrá kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Berlin, ìmọ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣàárò. Ní Kùmásì, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún, wákàtí bíi 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí oṣù Kejìlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán kì í pé wákàtí 8. Nínú oṣù Kẹfà, ó ju 16 lọ. Nígbà òtútù, akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ kíláàsì láàárọ̀ tó sì jáde ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè lo odidi ọ̀sẹ̀ kí oòrùn má kàn án lójú.

Ìjọba ibẹ̀ pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. NHS, ilé-iṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti ronú sí lílo fítámì D, máíkírógíráámù 10 lójúmọ́, nígbà òtútù. Wọ́n ní kí aláwọ̀ dúdú ronú láti máa lò ó láti ọdún dé ọdún, torí pé awọ dúdú lè má rí èyí tó pọ̀ tó fà nínú oòrùn wọn. Ìrìn ọ̀sán kò lè rọ́pò oògùn náà nígbà òtútù, nítorí oòrùn ìgbà náà kò lágbára tó. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ara mọ ìgbà tó yẹ kó sùn àti ìgbà tó yẹ kó jí. Ara líle loògùn ọrọ̀, dìgírì sì wà lára ọrọ̀ náà.

Òwe kejì ni pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìtàn Kùmásì jẹ́rìí sí i, nítorí ó ti ń rán ọmọ lọ kàwé ní Yúróòpù tipẹ́. Ní 1837, Asantehene (ọba Ashanti) Kwaku Dua Kìn-ín-ní fa ọmọ rẹ̀, Kwasi Boakye, àti ìbátan rẹ̀, Kwame Poku, lé àwọn ará Netherlands lọ́wọ́ pé kí wọ́n mú wọn lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n. Delft ni wọ́n ti kàwé. Kwasi kọ́ ìmọ̀ ìwakùsà, ó lọ sí Freiberg ní Jámánì láti fi kún un, iṣẹ́ náà sì gbé e dé Java, níbi tó kú sí ní 1904. Kwame wọṣẹ́ ológun. Nígbà tó padà dé Elmina ní 1847, èdè Twi ti fò lọ lẹ́nu rẹ̀. Kò dé Kùmásì mọ́. Ó gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1850.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé fàájì ì bá ti gbà á là. Àmọ́ ìtàn àwọn ọmọ ọba méjì yìí fi hàn pé ìwé nìkan kọ́ ni ẹni tó lọ sájò ń jẹ. Ó yẹ kó wá ẹni tí wọn yóò jọ máa rìn: ọmọ Gánà kan, ọmọ Nàìjíríà kan, tàbí onílé tó ní ajá. Bó bá sì wù ú kó dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó pe ilé. Nígbà òtútù, aago kan náà ni Kùmásì àti Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Nígbà ooru, wákàtí kan péré ló wà láàárín wọn. Ìyá tó ń dáná lágbàálá lè máa gbọ́ ohùn ẹyẹ ìlú òyìnbó látinú fóònù.

Ẹsẹ̀ gìrì nílé àńjọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ Yúróòpù ni kì í fa ẹsẹ̀ àlejò. Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù tó hẹ́kítà 142, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní Berlin, wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Tempelhof pa ní 2008, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní 2010. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́lé sí etí rẹ̀, ará ìlú dìbò ní 2014, wọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́. Lónìí, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn níbi tí bàálù ti ń sáré. Ní Finland, ẹnikẹ́ni, títí kan àlejò, ló láṣẹ láti ká èso kéékèèké àti olú nínú igbó, ì báà jẹ́ igbó onígbó. Kí ẹni tí kò mọ olú wọn má ṣe dá ká a o: a kì í fi àmọ̀já olú Ashanti jẹ olú Finland.

Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà òtútù, ọ̀sán gangan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde, nítorí ní oṣù Kejìlá oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Kó wọ bàtà tí omi kì í wọ̀, kó má sì tẹ omi dídì lórí odò àfi bí onílé bá ti sọ pé ó le tó. Nígbà ooru, kó béèrè kó tó dá iná ẹran, nítorí ọ̀pọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ló kà á léèwọ̀.

Àwọn òbí náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ẹni tó ta ilẹ̀ san owó ilé-ìwé kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun jókòó sórí koríko. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ní wákàtí 168. Òfin físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì láyè láti ṣiṣẹ́ ju 20 lọ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Wákàtí kan lórí koríko kò lè jẹ ilẹ̀ baba ẹnikẹ́ni.

Ilé sì ni ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́ níta ti ń bẹ̀rẹ̀. Adágún Bosomtwe kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ sí Kùmásì. Òkúta ńlá tó já láti ojú ọ̀run ní bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn ló gbẹ́ kòtò rẹ̀. Orí pákó padua ni àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń jókòó sí, tí wọ́n á fi ọwọ́ wa ara wọn lọ sórí omi. Ẹni tí físà rẹ̀ bá ti jáde, kó lọ jókòó létí omi náà ní Sátidé kan kó tó di ẹrù, kó sì mú àbúrò rẹ̀ dání.