Bí O Bá Fún Ọmọ Lóyè, Jẹ́ Kó Jíhìn

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹgbẹ́ Sikáòtù lé ọ lọ́wọ́ ní Igbó-Ọrà. Inú mi dùn dé ọkàn. Jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá so sìkáàfù mọ́ ọ lọ́rùn: okùn títa ní kókó àti àgọ́ pípa kọ́ ló máa ń tán wa lókun. Àwọn ọmọ tí a fi joyè tí wọn kò ṣe iṣẹ́ oyè ni.

A ó yan ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní olórí pátírólù, ìyẹn ọ̀wọ́ kékeré nínú ẹgbẹ́, ìyá rẹ̀ á ya fọ́tò, á gbé e sórí WhatsApp. Kò ní pẹ́, omi ò sí níbi ìpàdé mọ́, ìwé orúkọ ti sọnù, àwọn ọmọ kéékèèké ń rìn kiri, olórí wọn wà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. A ó bú u lójú gbogbo ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà a ó fọwọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣe yẹn ló burú jù. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé àǹtí ló máa pọn omi náà nígbẹ̀yìn kò ní pọn ọ́n láéláé.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe dá Sikáòtù sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, Baden-Powell tó dá a sílẹ̀ kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ pa pọ̀. Ó pín wọn sí pátírólù mẹ́rin, ó sì fi ìwà àti ìṣe pátírólù kọ̀ọ̀kan lé ọmọ tó dàgbà jù níbẹ̀ lọ́wọ́, nínú àgọ́ àti lóko. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn náà pé ètò yìí ni àṣírí àṣeyọrí wọn. Ọdún 1915 ni Sikáòtù wọ Nàìjíríà, àwọn Girl Guides sì tẹ̀ lé e ní 1919. Àmì oyè bá wa dé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti gbàgbé iṣẹ́ tó so mọ́ ọn.

Nítorí náà, kí o tó fún ọmọ lóyè, sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní ohun tí ojú lè rí. “Máa darí wọn dáadáa” kì í ṣe iṣẹ́. “Kí kẹ́ẹ̀gì méjì kún fómi kí agogo mẹ́rin tó lù” ni iṣẹ́. Kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ fún ọ.

Má sì fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ omi. Bi àwọn àgbà Ìdèrè nílẹ̀ Ìbàràpá léèrè bí sòbìà ṣe fìyà jẹ wọ́n láyé ọjọ́un, nígbà tó jẹ́ omi adágún ni wọ́n ń mu. Ara ohun tó gbà wá ni aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, títí wọ́n fi kéde lọ́dún 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ ìtàn yẹn fún ọmọ tí omi wà níkàáwọ́ rẹ̀. Á yé e pé “mo gbàgbé” kò tó ìdáhùn.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò bá di ṣíṣe, má pariwo. Jẹ́ kí ìpàdé parí, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣí ìwé náà: “Kí lo gbà láti ṣe? Kí ló dé? Kí lo máa ṣe sí i kó tó di Sátidé?” Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má bá a dáhùn. Ó lè jẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ ló wà láti ìdájí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń pa bàrà. Ọmọ Ìbàràpá ni, iṣẹ́ oko ń bẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, má bá a wí. Ohun tó yẹ kó jíhìn rẹ̀ ni pé kò ránṣẹ́ sí igbákejì rẹ̀.

O ó tún bá ọ̀rọ̀ ìbejì pàdé. Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, lo wà. Bí Táyé bá ń darí pátírólù tí Kẹ́yìndé wà nínú rẹ̀, Kẹ́yìndé lè máa bá a ṣe gbogbo rẹ̀, tàbí kí Táyé máa wojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, torí Kẹ́yìndé la kà sí ẹ̀gbọ́n. Fi wọ́n sí pátírólù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n bá gbà. Bí wọn ò bá gbà, ẹni tó joyè nìkan ni kí o bi léèrè. Kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́ dára, àmọ́ ẹnì kan ló máa jíhìn.

Ti ọmọ kékeré tó ń darí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ló kàn láti gbálẹ̀.” Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àṣẹ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ̀, gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn olórí pátírólù. Àwọn ni kó darí ìjókòó náà, ìwọ jókòó sẹ́yìn. Ìbéèrè ẹgbẹ́ ẹni máa ń dun ọmọ ju tiwa lọ.

Jọ̀ọ́, má fi ẹgba kún un, má sì ní kí wọ́n fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ tí a nà gbà pé òun ti san gbèsè, iṣẹ́ náà sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, sọ fún àwọn òbí rẹ̀ kí o tó gba oyè náà, fi ìwé hàn wọ́n, kí o sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ ohun tó lè ṣe láti gbà á padà.

Bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Pe àwọn olórí rẹ jọ, kí olúkúlùkù sọ iṣẹ́ tó gbà. Kọ̀wé sí mi bó bá ṣe lọ. Mo fẹ́ gbọ́.