Iṣẹ́ Ọnà Tó Wà Lẹ́yìn Géètì Ilé Ẹ̀kọ́

ÌBÉÈRÈ: Yunifásítì kan ní Ọ̀tà ni mo ti ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé. Òpó ilé àwọn ará Gíríìsì la máa ń rí jù nínú ìwé. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ fojú ara wa rí tiwa. Ibo ni ká kọ́kọ́ lọ?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ má tíì wọ mọ́tò lọ síbi kankan. Àárín ìlú Ọ̀tà gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo ilé-iṣẹ́ àdúgbò Ṣàngó ti fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú agbẹ́gilére ni láti ayébáyé. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ wà ní mùsíọ́mù òkè òkun. Orí ni wọ́n ń gbé ère yìí lé: ojú tútù nísàlẹ̀, ìtàn lókè. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó ya fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Erékùṣù Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ni mo fẹ́ràn jù. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wá sílé), ló kọ́ ọ. Ẹ dúró pẹ́ níwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní 1845 wà.

Ẹ mú téèpù àti pẹ́ńsù dání. Ẹ wọn ilé, ẹ yà á. Ìjọba kéde Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Erékùṣù Èkó, gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè lọ ya èyí tó kù.