Omi Balùwẹ̀ Ń Bojú Wẹ̀yìn

Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ta ni kò tíì ṣe àmín sí i rí níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìṣílé? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ilé tuntun kan tí mo wọ̀ ní Ilé-Ogbó ní Iléyá tó kọjá, á sọ fún yín pé omi bojú wẹ̀yìn gbangba. Ó bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ ìwẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ihò tí wọ́n ní kó bá jáde, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá, kápẹ́ẹ̀tì sì rin gbingbin títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Onílé, tó ti Èkó kó ọmọ wálé, ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá a padà. Bẹ́ẹ̀ táìlì ilẹ̀ náà ń dán yinrin, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ṣe dígí.

Ó pe ẹni tó tẹ́ ẹ lórí fóònù níṣojú wa. Èsì tó gbà ni pé, "Àlàájì, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ti wẹ̀ tán, kí ẹ sáà máa gbá a lọ síbi ihò." Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé kì í ṣe owó mi.

Táìlì kì í darí omi. Ọ̀ṣọ́ ni táìlì. Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí wọ́n dà sábẹ́ rẹ̀ ló ń darí omi, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ́ táìlì lágbègbè wa kì í fẹ́ pẹ́ sí. Wọ́n á gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé ilẹ̀ balùwẹ̀, á gún régé, wọ́n á pe onílé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ilẹ̀ pálọ̀ ló yẹ kó gún bẹ́ẹ̀! Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ lọ síbi ihò, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 ní gbogbo mítà 1. Balùwẹ̀ tó gùn ní mítà 2, tí ihò rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2, ó kéré tán, ga ju ẹnu ihò lọ. Ojú lè má rí i, omi á rí i. Kí ilẹ̀ balùwẹ̀ fúnra rẹ̀ sì tún rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti yàrá, kó lè jẹ́ pé bí ihò bá dí lọ́jọ́ kan, inú balùwẹ̀ náà ni omi á dúró sí.

Àṣà táìlì ńlá tún dé. Èyí tí wọ́n fi tẹ́ pálọ̀, 60 sí 60, ni onílé á ní kí wọ́n fi parí balùwẹ̀, kó lè bára mu. Ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì le, kò lè dà sọ́nà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, pẹrẹsẹ ni wọ́n sì máa ń tẹ́ ẹ. Táìlì kéékèèké, 30 sí 30 tàbí èyí tó kéré sí i, ló ń tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, ojú ìpàdé rẹ̀ tó pọ̀ sì tún ń di ẹsẹ̀ mú. Èyí tó ń dán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mọ sí pálọ̀. Ẹ ní ìyá àgbà nílé. Ọṣẹ àti omi lórí táìlì dídán, egungun ìbàdí ló máa ń gbà.

Ó sì ń dùn mí pé àwa tí ìtàn wa mọ ilẹ̀ títẹ́ nirú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Láti Ilé-Ogbó sí Ìwó kò jìnnà, ìtàn Ìwó sì ní Adékọ́lá Telu, ọmọ Lúwo Gbàgìdá, ni orísun àwọn ọba ibẹ̀. Lúwo yìí, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ni wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, ló bá ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro Ifẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àlọ́ ni, àpáàdì ọ̀hún wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ní Ìta Yemòó nínú Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti hú àwọn ère idẹ jáde ní 1957, wọ́n bá ilẹ̀ alápàáàdì. Wọn ò tò ó ní ìdùbúlẹ̀. Ìdúró ni wọ́n tò ó, etí rẹ̀ sókè, ọ̀kan fara ti èkejì. Níbòmíràn, ìlà kan á dagun sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e á dagun sósì. Ó ti lé ní 600 ọdún, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì tíì yẹ̀. Ti Àlàájì kò tíì pé ọdún kan.

Nítorí náà, ẹ má gba ẹnu wọn gbọ́. Omi ni kí ẹ bi. Kí wọ́n tó tẹ́ táìlì ẹyọ kan, bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì bá ti gbẹ, ẹ da garawa omi kan sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ dúró wò ó. Ibi tó bá dá sí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, kí bíríkìlà tún un ṣe. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, ẹ tún da òmíràn kí ẹ tó san owó tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa fi kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún kó-kó, òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀; igun mẹ́rin àti àárín nìkan ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì há. Ní kíṣìnì lẹ ó ti mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ tí ọmọ odó bá bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ilé.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún onílé. Táìlì pọ́sílénì kì í mu omi tó ìdá 1 nínú 200 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ojú ìpàdé ni omi ń gbà. Sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi dí i ń mu omi, omi á yọ́ wọ abẹ́, á rá lọ sí ògiri yàrá, ọ̀dà ibẹ̀ á wú, á sì máa ṣí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà tó ń dènà omi kun ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì àti ìsàlẹ̀ ògiri kí táìlì tó dé. Owó rẹ̀ kò tó ti kápẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́.

Ṣé òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wá jẹ̀bi ni? Ó jẹ̀bi díẹ̀. Omi kò lójú tó fi ń wo iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ibi tó bá rẹlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Odò ń lọ síwájú nítorí pé ilẹ̀ ti lànà sílẹ̀ fún un. Nínú ilé, bíríkìlà ló ń lànà. Omi kan tilẹ̀ wà tí a kò fẹ́ kó lọ rárá. Lábẹ́ ihò balùwẹ̀, púlọ́ńbà tó mọṣẹ́ máa ń tẹ páìpù kọdọrọ sísàlẹ̀ kó tó gba sókàwéè lọ, kí omi díẹ̀ lè máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Omi tó dúró yìí ló ń dí òórùn lọ́nà. Bó bá gbẹ, òórùn àti aáyán á wọlé.

Ohun tó ń ṣe púpọ̀ nínú ilé tuntun Ilé-Ogbó nìyẹn, àwọn tí onílé wọn wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ilẹ̀kùn kì í ṣí àfi nígbà Iléyá tàbí nígbà òkú. Ẹ óò ṣí balùwẹ̀ onítáìlì lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ óò sì máa bú ẹni tó gbẹ́ sókàwéè. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Omi inú páìpù ló gbẹ. Ẹ fún ẹni tó ń bá yín ṣọ́ ilé ní kọ́kọ́rọ́, kó máa da omi sí gbogbo ihò lóṣooṣù, pàápàá lásìkò ọyẹ́.