BÍ A TI LÈ DÈNÀ ÀLÉFỌ́ NÍ ÀKÓKÒ ỌYẸ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá a máa fa omi kúrò lára ènìyàn. Ní Awẹ́, Ìlọrá àti Fìdítì, ìgbà náà ni àwọn ọmọ tí ó ní àléfọ́ máa ń họ ara títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, tí wọn kì í sì í rí oorun sùn. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ìtọ́jú tí àwọn òbí kan ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa dá kún ìyọnu rẹ̀.

Awọ ara dàbí ògiri amọ̀. Bí ó bá sán, omi inú rẹ̀ yóò gbẹ, ohun tí ó lè ta ara yóò sì wọlé. Awọ ẹni tí ó ní àléfọ́ kò lè di omi mú dáadáa. A máa ń jogún rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ nínú ìdílé tí ikọ́ fée wà. Kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ràn. Nítorí náà, kò tọ́ kí a lé ọmọ kúrò lórí ẹní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí kí a pè é ní ẹlẹ́gbin. Lára ènìyàn dúdú, ojú ibẹ̀ a máa dúdú sí i tàbí kí ó rí bí eérú, awọ a sì nípọn ní ibi tí apá ti ń ká àti ní ẹ̀yìn orúnkún.

Àwọn kan rò pé ìdọ̀tí ni, wọn a sì fi kànrìnkàn líle àti ọṣẹ dúdú gbo ọmọ náà. Ọṣẹ tí a fi eérú ṣe a máa fọ ọ̀rá ara dànù, àléfọ́ a sì le sí i. Àwọn mìíràn a ra ìpara abóra lọ́jà. Sítẹ́rọ́ọ̀dì alágbára wà nínú díẹ̀ lára wọn: ara a kọ́kọ́ dán, lẹ́yìn náà awọ a fẹ́lẹ́, àrùn a sì padà pẹ̀lú agbára. Àjọ NAFDAC kò fàyè gba mẹ́kúrì nínú ìpara.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí:

1. Kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ ọmọ, kí ìwẹ̀ náà má sì pẹ́.

2. Kí a fi aṣọ tẹ ara rẹ̀, kí a má ṣe nù ún gbọ́ngbọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú 3, kí a fi òrí tàbí Vaselín pa á lára. Kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ọyẹ́ tó dé pàápàá, kí a má sì dáwọ́ dúró nígbà tí ara bá rọ̀.

3. Kí a gé èékánná rẹ̀, kí a sì wọ aṣọ òwú fún un.

4. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá fún wa ní ìpara sítẹ́rọ́ọ̀dì, kí a lò ó bí ó ti wí. Èyí tí ó gùn láti ṣónṣó ìka àgbà dé oríkèé àkọ́kọ́ tó fún ibi tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣe ọyún, tàbí tí ó lé ròrò pẹ̀lú ibà, kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn oníṣègùn awọ ara wà ní Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957. Àléfọ́ lè padà wá, ṣùgbọ́n òbí tí ó bá ń fi òrí pa ọmọ rẹ̀ lára lójoojúmọ́ yóò jẹ́ kí ó rí oorun sùn.