Àlejò Tí Ó Ti Rẹ̀

Ibi kíkà: 2 Samuẹli 17:27-29, 19:31-39, 1 Àwọn Ọba 2:7
Ẹsẹ àkọ́sórí: Heberu 13:2 (kí ọmọ kíláàsì kan kà á sókè)

Nígbà tí Dáfídì Ọba ń sá fún Ábúsálómù ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni ó fi kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi máa ré odò Jọ́dánì kọjá dé Máhánáímù, ó ti rẹ̀ wọ́n pátápátá. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó gbé ẹrù wá fún wọn níbẹ̀. Ẹ wo irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ará Rábà ni Ṣóbì, ìlú àwọn ọmọ Ámónì tí Dáfídì fúnra rẹ̀ ti fi ogun gbà. Mákírì ni ó gba ọmọ ọmọ Sọ́ọ̀lù sí ilé rẹ̀ rí. Básíláì sì ti di arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ta ni ìbá retí oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí?

A sábà máa ń sáré ka orúkọ àwọn oúnjẹ náà: àlìkámà, ẹ̀wà, oyin, àgùntàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ni a kọ́kọ́ dárúkọ. Ibùsùn ni, lẹ́yìn rẹ̀ àwokòtò, lẹ́yìn rẹ̀ ìkòkò amọ̀. Ẹni tí ó kó ẹrù yìí jọ ti rò ó wò pé ara tí ó rẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi kí ó tó fẹ́ oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níhìn-ín. Ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin wá gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán kọjá lọ sí Ẹ̀gbẹ́ àti Kábà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé tọkọtaya kan ń ti ọsibítù bọ̀ ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọmọ wọn láti ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n sọ̀ ní Òmù-Àrán, wọ́n wọ ilé olóúnjẹ kan. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ní kí a bu abọ́ iyán kan fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì jókòó láìsọ̀rọ̀, bí ère òkúta Ẹ̀sìẹ́. (Ẹni tí ó bá ti dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí níbẹ̀ ní 1945 mọ ohun tí mo ń sọ. Ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sì sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta.)

Ọmọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, sà. Ẹ kú ìrìn, mà.” Ó gbé omi ìṣanwọ́ wá, ó sì sún àga ìyá náà sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nígbà tí ó padà dé, abọ́ méjì ni ó gbé lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, abọ́ kan ni a sọ.”

“Mo gbọ́, mà. Ìyá wa ni ó ní kí n gbé e wá.”

Ìyá olóúnjẹ sì dáhùn láti ìdí ààrò: “Ẹ jẹun jàre. Ọ̀nà yín ṣì jìn.”

Ọkọ wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà, bí yóò ṣe padà wá sílé.

Ó dájú pé ẹnì kan nínú kíláàsì yóò sọ pé ọgbọ́n àti fa oníbàárà ni. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí àìdára. Gbogbo wa ni a mọ ènì: ẹni tí ó ra ìrẹsì tàbí gàrí ń retí rẹ̀, ẹni tí ń tà á sì mọ̀ pé ènì ni yóò mú un padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n èrò ọ̀nà ni tọkọtaya yìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tún wọ ilé náà mọ́ láéláé.

Ẹlòmíràn yóò ní, bí olóúnjẹ bá ń ṣe báyìí lójoojúmọ́, gbèsè ni yóò jẹ. Òótọ́ ni. Kò sì tọ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa fi ọbẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn láìgba àṣẹ. Ẹ padà wo ọmọbìnrin náà. Ìyá wa ni ó fi abọ́ kejì tọrẹ. Ìkíni, omi àti àga jẹ́ ti ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀, àwọn ni ó sì kọ́kọ́ dé. Ìbànújẹ́ ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ti ilé ìsìn dé máa ń jágbe mọ́ bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀.

Básíláì sọ fún Dáfídì pé òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́. Síbẹ̀ ó bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ọba fẹ́ mú un lọ sí Jerúsálẹ́mù láti san án padà fún un, ó kọ̀, ó ní kí a jẹ́ kí òun padà sí ìlú òun. Dáfídì kò gbàgbé. Nígbà tí ikú rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó pàṣẹ fún Sólómọ́nì pé kí àwọn ọmọ Básíláì máa jẹun lórí tábìlì ọba.

Fún ìjíròrò: Kí ni ó wà ní ọwọ́ ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún ènìyàn, tí kò ní láti tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó fi fún ni? Ta ni ó ṣe ọ́ lóore tí o kò retí ní ọjọ́ tí ó rẹ̀ ọ́, ǹjẹ́ o sì ti sọ fún un?